Ẹja-ejò abilà: àwọn ìbéèrè tó ń wáyé lemọ́lemọ́ àti ìdáhùn wọn

Kí ni ẹja-ejò abilà?

Ẹja inú òkun ni. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ilà dúdú sì yí ara rẹ̀ funfun ká láti orí títí dé ìrù. Myrichthys colubrinus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Boddaert, ará Nẹ́dálándì, ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ nínú ìwé ní 1781. Ìdílé Ophichthidae ló ti wá, ìdílé tí irú ẹja inú rẹ̀ lé ní 300. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ọ̀kan fún ejò, ọ̀kan fún ẹja, ni wọ́n so pọ̀ di orúkọ ìdílé yẹn, nítorí náà "ẹja-ejò" tí a ń lò níbí kò jìnnà sí i.

Ṣé ejò ni àbí ẹja?

Ẹja ni, pọ́ńbélé. Inú omi ló ti ń mí. Ihò kékeré tí omi ń gbà jáde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀, kì í sì í yọrí sójú omi láti gba afẹ́fẹ́. Kò ní ìpẹ́ rárá. Awọ rẹ̀ ń yọ̀ bí ti àrọ̀.

Ó ní lẹbẹ, ṣùgbọ́n ojú tó mọ ibi tó yẹ kó wò ló ń rí i. Ọ̀kan gùn lọ lẹ́yìn rẹ̀, láti orí ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀, kódà ó ti yọ kó tó kan ihò ìmí. Ọ̀kan gùn lọ lábẹ́ ìdí. Kékeré méjì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, bí etí. Ìrù rẹ̀ kò ní lẹbẹ kankan. Ṣóńṣó tó le ló parí sí.

Báwo ló ṣe máa ń tóbi tó?

Àwọn tó dàgbà dáadáa máa ń sún mọ́ mítà kan. Ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn òmùwẹ̀ ń rí kò tó bẹ́ẹ̀. Ilà dúdú ara rẹ̀ máa ń wà láàárín 25 sí 35.

Ibo ni wọ́n ti ń rí i?

Láti Òkun Pupa àti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, bíi Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Mòsáńbíìkì, gba Òkun Íńdíà kọjá lọ sí Indonéṣíà àti Filipínì, títí wọ àárín Òkun Pàsífíìkì. Ó dé gúúsù Jàpáànù lápá òkè, ó dé Ọsirélíà nísàlẹ̀. Ibi gbogbo tí wọ́n ti ń rí i, omi ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ṣé ó wà ní etíkun Èkó tàbí Kútọnu?

Kò sí níbẹ̀. Òkun Àtìláńtíìkì kọ́ ni ilé rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan, Myrichthys pardalis, wà lápá ọ̀dọ̀ wa, ní àwọn erékùṣù Kánárì, ní Cape Verde àti ní àwọn erékùṣù inú Gulf of Guinea. Tóótòótó ni ara tirẹ̀, bí ara ẹkùn, kì í ṣe ilà. Àwọn tó wà ní Bàhíà ní ìbátan mìíràn, Myrichthys ocellatus, tí àmì ara rẹ̀ pọ́n bí wúrà. Mututuca ni àwọn apẹja Bràsíìlì ń pè é.

Ohun kan tó yẹ kí apẹja mọ̀: kò sí ejò òkun tó fi Àtìláńtíìkì ṣe ilé. Ìdí nìyí tí ohun gígùn tó bá ní lẹbẹ tó jáde láti inú òkun ní Badagry fi máa jẹ́ ẹja. Ọ̀rọ̀ ọ̀sà yàtọ̀ o. Ejò orí ilẹ̀ àti ejò odò ń wẹ̀ nínú omi dídùn àti ní etí ọ̀sà, nítorí náà ẹ má fi ohun tí a sọ nípa òkun gbá ejò mú nínú ọ̀sà.

Apá ibo nínú omi ló ń gbé, ìgbà wo ló sì ń jáde?

Ibi tí iyanrìn bá tẹ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì iyùn, inú omi tí òkìtì náà sé mọ́ etíkun, àti àárín koríko inú òkun. Omi ibẹ̀ kì í jìn. Nígbà mìíràn kò ju orúnkún lọ nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wá akàn fi máa ń ṣe alábàápàdé rẹ̀ ju àwọn tó ń wẹ̀ níbi jíjìn lọ.

Òru ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n ó ń rìn lọ́sàn-án náà, pàápàá láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án, ó lè ri ara rẹ̀ mọ́ iyanrìn kó ku orí nìkan níta. Bí ẹ bá ń wá a pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ má kàn tan án sí i lójú. Ẹ jẹ́ kí etí ìmọ́lẹ̀ náà kàn án, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Báwo ló ṣe ń wọ inú iyanrìn?

Ìrù ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ṣóńṣó ìrù náà le, kò sì ní lẹbẹ tí iyanrìn lè fà, nítorí náà ó ń fi gún ilẹ̀, ara ń tẹ̀ lé e, orí ló ń kẹ́yìn. Kì í pẹ́ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ fà á jáde láti orí ń pa á lára ni, torí ó ti há ìyókù ara rẹ̀ mọ́ abẹ́ iyanrìn, awọ tí kò ní ìpẹ́ sì máa ń bó.

Òun náà kò lè wọ ibi gbogbo. Òkúta wẹ́wẹ́ àti èéfọ́ iyùn tó mú máa ń gé e. Iyanrìn kíkúnná tó rọ̀ ló ń wá.

Kí ló ń jẹ?

Akàn kéékèèké, edé, àti ẹja wẹ́wẹ́ tó ń sá pamọ́ sínú ihò. Eyín rẹ̀ kò mú ṣóṣóró. Ó kúnjú, ó dà bí ọlọ, ó wà fún fífọ́ èépá akàn. Ojú rẹ̀ kéré. Imú ló fi ń ṣọdẹ. Ihò imú rẹ̀ méjì iwájú yọ jáde bí ọ̀pá róbótó kéékèèké, wọ́n sì dorí kọ ilẹ̀. Ẹ ó rí i tó ń fi orí tọ ihò kan, tó yọ, tó tún tọ òmíràn, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Nígbà mìíràn àwọn ẹja mìíràn máa ń tẹ̀ lé e láti ṣa ohun tí ó bá lé jáde.

Ṣé ó lóró? Ṣé ó máa ń bu ènìyàn jẹ?

Kò lóró. Kò ní eyín tó ń tú oró, kò sì ní ẹ̀gún. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, yóò yà fún yín. Bí ẹ bá di í mú, ó lè gé yín jẹ. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, torí ìdọ̀tí inú òkun ló ń mú ọgbẹ́ kẹ̀ níbẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó bù jẹ lè má mọ̀ bóyá òun ni tàbí ejò òkun. Ojú ibi tí ejò òkun bá ti bu ènìyàn jẹ máa ń kéré, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dunni lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ ń dá iṣan dúró, títí kan iṣan tí a fi ń mí. Bí iyèméjì bá wà, ẹ ṣe é bíi ti ejò: kí ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́, ẹ fi báńdéèjì tó fẹ̀ yí gbogbo apá tàbí ẹsẹ̀ náà ká kó fún dáadáa láìdí ẹ̀jẹ̀, ẹ so igi mọ́ ọn kó má mì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má sín in, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má jẹ́ kó rìn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ejò òkun abilà?

Ìbéèrè tó ń wá jù nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Laticauda colubrina ni ejò tí wọ́n ń sọ, òun náà ní ilà dúdú yíká ara, omi kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé lápá Indonéṣíà, Filipínì àti Fíjì. Oró rẹ̀ lágbára. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń ka ilà tàbí kí wọ́n máa wo àwọ̀. Àwọ̀ ni ohun tó jọra. Ẹ fi sílẹ̀.

Ìrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìrù ejò òkun pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀, ó sì fẹjú. Ìrù ẹja-ejò ń tín lọ ni, ó parí sí ṣóńṣó. Èyí ṣeé rí láti òkèèrè, láìsún mọ́ ọn. Bí ìrù bá wà nínú iyanrìn, ẹ wo ẹ̀yìn: bí ẹ bá rí lẹbẹ tó ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ láti orí lọ sẹ́yìn, ẹja ni. Ejò kò ní lẹbẹ rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó ń ṣe. Ejò òkun ń mí pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà yóò gòkè lọ sójú omi bópẹ́ bóyá. Ó tún ń gun orí àpáta àti etíkun láti sinmi àti láti yé ẹyin. Ohun tó bá wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó sì ń rìn geere, ejò ni, kò ní àríyànjiyàn. Ẹja-ejò kì í fi omi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú òkun, ìsàlẹ̀ ló ń fà mọ́, òun ló sì lè wọ abẹ́ iyanrìn kó pòórá lójú yín.

Bí ó bá ti kú tó sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ fọwọ́ ra ara rẹ̀: ìpẹ́ ni ara ejò, ara ẹja-ejò ń yọ̀. Imú àti ètè òkè ejò yìí tún máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi imú ṣe àmì ohun tó wà láàyè. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn débi tó fi ń yẹ imú rẹ̀ wò ti sún mọ́ ọn jù.

Mo rí èyí tó ní àmì róbótó láàárín ilà. Ṣé irú mìíràn ni?

Kò dandan. Ara ẹja-ejò abilà kì í dọ́gba. Ilà àwọn kan yíká pátápátá, tàwọn mìíràn kò pàdé lábẹ́ ikùn, àwọn kan sì ní tóótòótó dúdú láàárín ilà kan sí èkejì. Bí ilà bá wà, tí tóótòótó kàn kún un, òun náà ni. Bí kò bá sí ilà rárá, tó jẹ́ tóótòótó dúdú nìkan lára funfun, Myrichthys maculosus lẹ ń wò, òun náà wà nínú omi yẹn.

Ó kó sí àwọ̀n mi, tàbí ó gbé ìwọ̀ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wo ìrù rẹ̀. Bí ó bá pẹlẹbẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi igi gígùn gbé àwọ̀n náà padà sínú omi, ẹ tú ẹnu rẹ̀, kó jáde.

Bí ẹja bá ni, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ló máa ń gbà sá. Yóò fi ṣóńṣó ìrù wá ojú àwọ̀n, yóò kì í bọ̀ ọ́, yóò sì há ní àárín. Bí ẹ bá fà á padà, ẹ ó bó o láwọ. Níwọ̀n bí ìrù ti kọ́kọ́ kọjá, ẹ jẹ́ kó máa lọ síbi tó dorí kọ, tàbí kí ẹ gé ojú kan nínú àwọ̀n náà. Lórí ìwọ̀, yóò lọ́ ara rẹ̀ mọ́ okùn títí yóò fi di kókó. Ẹ má jà á. Ẹ gé okùn náà sún mọ́ ẹnu bó bá ti ṣeé ṣe tó, kó bọ́ sómi. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ dì í mú, torí aṣọ náà ló ń nu omi yíyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, omi yẹn ló sì ń dáàbò bo awọ rẹ̀. Ọwọ́ tútù tàbí àpò tútù ló dára.

Ṣé ó ṣeé jẹ?

Kò sí ọjà gidi fún un. Ara rẹ̀ tín, egungun rẹ̀ pọ̀, ìwọ̀nba ẹran ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ lé òfin Léfítíkù lórí oúnjẹ máa ń bi wá nítorí ọ̀rọ̀ "lẹbẹ àti ìpẹ́" inú orí 11: lẹbẹ rẹ̀ wà, ìpẹ́ ni kò sí, nítorí náà ọ̀dọ̀ àrọ̀ ló bọ́ sí. Ewu tó ju gbogbo ìyẹn lọ ni pé ẹni tó ń ṣa á kiri fún ọbẹ̀ lè ṣi ejò mú.

Báwo ló ṣe ń bímọ?

Bíi ti gbogbo ìdílé rẹ̀, inú omi gbalasa ni ẹyin àti àtọ̀ ti ń pàdé, òbí kì í sì í dúró tọ́jú wọn. Ọmọ tó bá pa kò jọ òbí rẹ̀ rárá. Ó pẹlẹbẹ bí ewé, orí rẹ̀ kéré, ara rẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé ẹ lè gbé e lé ìwé kí ẹ máa kà á lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bá omi lọ fún oṣù púpọ̀. Nígbà tó bá tó àkókò àtidi ẹja gidi, yóò kọ́kọ́ sún kì, yóò kúrú ju bó ṣe wà lọ, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìdí nìyí tí a fi ń rí irú ẹja kan náà láti Íjíbítì dé àárín Pàsífíìkì: omi ló ń gbé ọmọ rẹ̀ kiri.

Ṣé mo lè sìn ín nínú àpótí gíláàsì?

Wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n a kò gbà yín níyànjú. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n rà ló ń kú láàárín oṣù díẹ̀, ohun méjì ló sì ń pa wọ́n: ebi, àti jíjáde kúrò nínú omi.

Bí ẹ bá ti rà á ná: àpótí tó gba 500 lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó fẹ̀ nílẹ̀ ju kó ga lọ. Iyanrìn kíkúnná tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kì í ṣe èéfọ́ iyùn. Ẹ kọ́kọ́ gbé òkúta lé ìsàlẹ̀ gíláàsì kí ẹ tó da iyanrìn sí i. Bí òkúta bá dúró lórí iyanrìn, yóò walẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, òkúta á wó lé e lórí. Ooru omi 24 sí 27°C. Ideri ló ṣòro jù. Ihò tí wáyà ń gbà, ihò tí ọ̀pá omi ń gbà, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dí, torí níbi tí ṣóńṣó ìrù bá ti kọjá, ara yóò tẹ̀ lé e. Ẹ fi àsẹ́ bo ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa omi pẹ̀lú. Bí ẹ bá bá a nílẹ̀ láàárọ̀, ẹ má yára sọ ọ́ nù. Bí ara rẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ dá a padà sómi, àwọn kan máa ń jí.

Oúnjẹ: edé tútù tí ẹ kò pèèpo rẹ̀, àti ègé akàn, lórí ẹ̀mú gígùn, lẹ́yìn tí iná bá ti kú. Ẹ gbé e sí iwájú ihò rẹ̀, kí ẹ dúró. Ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń rì sínú lẹ́yìn orí, ebi ń pa á, bó tilẹ̀ ń rìn dáadáa. Ẹja wẹ́wẹ́ àti edé yòówù tó bá wà nínú àpótí náà, oúnjẹ rẹ̀ ni. Ẹ má sì da oògùn tó ní bàbà sómi. Ara tí kò ní ìpẹ́ kì í fara dà á.

A la ẹja ńlá kan, a bá ẹja-ejò lẹ́yìn ìfun rẹ̀, ó ti gbẹ. Ṣé kòkòrò inú ẹja ni?

Rárá. Wọ́n gbé e mì láàyè ni. Nígbà tó dé inú ikùn, ó ṣe ohun tó máa ń ṣe fún iyanrìn: ó fi ìrù gún un, ó sì jáde. Àmọ́ ẹran ara tó wà níta ikùn nípọn ju kó lè là á kọjá lọ, nítorí náà ó kú sáàárín, ara ẹja ńlá náà sì rọra bò ó. A ti bá oríṣiríṣi ẹja-ejò báyìí nínú onírúurú ẹja ńlá, tí ẹja ńlá ọ̀hún sì wà láàyè títí wọ́n fi pa á. Ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ fọ inú ẹja náà, ẹ sè é kó jinná.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ń fara wé ejò òkun? Kí ló wá ń ṣe ní Òkun Pupa níbi tí ejò náà kò sí?

Bí ọ̀rọ̀ ìfarawé ṣe rí nìyí: ẹja tàbí ẹyẹ tó ti mọ̀ pé ohun abilà lóró yóò yà fún gbogbo ohun abilà. Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́, ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ kí a tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Ní ìlà-oòrùn, níbi tí àwọn méjèèjì jọ wà, àlàyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ẹja gígùn bíi tirẹ̀ gan-an ni oúnjẹ ejò òkun abilà, nítorí náà ẹ̀wù apẹjajẹ ló gbé wọ̀. Nínú ìwé, ẹja ló sì ṣáájú: 1781 ni wọ́n pè é ní colubrinus, "èyí tó dà bí ejò", ọdún 1799 ni ejò náà tó gba orúkọ tirẹ̀.

Ní Òkun Pupa, kò sí ejò òkun kankan. Ní etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, irú kan ṣoṣo ló ń gba ibẹ̀ kọjá, èyí tí ikùn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí kì í sì í ní ilà yíká bẹ́ẹ̀. Ẹja-ejò ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ilà rẹ̀. Àlàyé tó mọ́gbọ́n dání jù lójú wa ni ti àwọn ọmọ tó ń bá omi lọ fún oṣù púpọ̀: àwọ̀ tó wúlò ní ìlà-oòrùn lè tẹ̀ lé wọn dé ibi tí kò ti nílò rẹ̀. Ilà tún lè ṣiṣẹ́ mìíràn, torí lórí iyanrìn tí oòrùn àti òjìji ń mì lé, ó máa ń ṣòro láti mọ ibi tí ohun abilà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Fún ẹni tó ń wẹ̀ ní etíkun Íjíbítì, ohun tó já sí ni pé ohun gígùn abilà tó rí lórí iyanrìn níbẹ̀, ẹja ni. Bí ó bá gbéra lọ sí Filipínì, kó bẹ̀rẹ̀ látorí ìrù.